Pírìńtà kan, Wi-Fi méjì nínú ilé kan: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Abíkẹ́_UnderG

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ nípa ráútà pọ̀ níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọkọ mi wà nísàlẹ̀, èmi àti ọkọ mi wà lókè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, àwọn náà ló sì ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní gbogbo Sátidé. Ráútà onísíìmù ni tiwọn. Tiwa lókè, dish Starlink ni, torí ilé ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìpàdé orí fídíò sì pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún.

Àbúrò ọkọ mi ra pírìńtà kan wá fún Màmá nígbà ọdún Àjíǹde, irú èyí tí wọ́n ń da íǹkì sí nínú táǹkì. Ó ní kí gbogbo ilé jọ máa lò ó. Orí Wi-Fi ìsàlẹ̀ ló wà. Láti òkè, a ò rí i rárá. Tí mo bá fẹ́ tẹ ojú ewé kan, WhatsApp ni mo máa fi ránṣẹ́ sí Màmá. Màmá á wá awò ojú wọn, wọ́n á wá fáìlì, wọ́n á pè mí pé èwo ni mo ní kí àwọn tẹ̀. Nígbà míì a máa ń já Wi-Fi tiwa, ká bọ́ sórí tiwọn, ká tẹ̀ ẹ́, ká padà. Ọkọ mi gbàgbé láti padà nígbà kan, ìpàdé rẹ̀ sì jẹ dátà Màmá tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká da íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Màmá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn san owó dátà, kó má di pé wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ọkọ mi náà ò fẹ́ kí àwọn ọmọ lẹ́sìn dé orí Wi-Fi tó fi ń ṣiṣẹ́. Pírìńtà nìkan la fẹ́ jọ lò.

Aláwàdà_Sábó

Àǹtí, ẹ kó o sínú flash, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àbí wọ́n ti yọ àtẹ̀gùn kúrò nílé yín ni?

Abíkẹ́_UnderG

Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, bọ̀dá mi. Oyún ló wà nínú mi.

Aláwàdà_Sábó

Háà! Ẹ kú ìkúnra o. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ. Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ dá àǹtí lóhùn kíá.

Ẹnjiníà_Tákíè

Ìyàwó wa, ẹ kú ìkúnra. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ìtẹ̀wé ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà Màmá lè tán pátápátá, kí dish tiyín náà má ṣiṣẹ́, pírìńtà á ṣì máa tẹ̀wé tí iná bá ti wà lára òun àti ráútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, èyí tí ráútà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ló ń gbé fáìlì láti fóònù dé ọ̀dọ̀ pírìńtà. Ẹni tó ń ta dátà fún yín ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Nítorí náà ohun tí Màmá fẹ́ àti ohun tí ọkọ yín fẹ́ ò ta ko ara wọn. Kí kálukú di owó oṣù tirẹ̀ mú, ẹ ṣì lè jọ lo pírìńtà.

Ìdí tí ẹ ò fi rí i láti òkè rèé. Ráútà kọ̀ọ̀kan ló ní agboolé tirẹ̀, ó sì ń pín nọ́ńbà (àdírẹ́sì IP nìyẹn) fún gbogbo ohun tó bá wọlé síbẹ̀. Agboolé méjì ni tiyín, ògiri wà láàárín, kò sí ilẹ̀kùn. Fóònù tó bá ń wá pírìńtà á ké sí gbogbo ohun tó wà ní agboolé tirẹ̀ pé, "Ṣé pírìńtà wà níbí?" Igbe yẹn, mDNS ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, kì í kọjá ògiri.

Ẹ̀wẹ̀, pírìńtà ilé ò lè wà lórí Wi-Fi ráútà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló máa wọ̀, á sì fi ìkejì sílẹ̀. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé tiyín ló bàjẹ́.

Ẹ wá sọ fún mi: nọ́ńbà wo ni ráútà méjèèjì ń jẹ́? Ṣé ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn pírìńtà? Ta ló ń fi fóònù tẹ̀wé, ta ló ń fi láptọ́ọ̀pù?

Abíkẹ́_UnderG

Ẹ ṣeun sà. Ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ 192.168.8.1, ti òkè ń jẹ́ 192.168.1.1. USB àti Wi-Fi nìkan ló wà lára pírìńtà, kò sí ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màmá ń lo fóònù Android, èmi náà Android, ọkọ mi láptọ́ọ̀pù Windows.

Wáyà_Ò_Parọ́

Ọ̀rọ̀ kékeré. Wáyà kan ṣoṣo. Ẹ ki orí rẹ̀ kan bọ ẹ̀yìn ráútà òkè, ẹ ki ìkejì bọ ẹ̀yìn ráútà ìsàlẹ̀. Ó parí.

Ẹnjiníà_Tákíè

Arákùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀! Tí ẹ bá fi wáyà so ihò LAN méjèèjì, ìyẹn ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé, pọ̀ lásán, ráútà méjì á máa pín nọ́ńbà nínú agboolé kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni fóònù máa gbọ́ tirẹ̀. Lónìí láptọ́ọ̀pù ọkọ wọn á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ráútà Màmá, á sì fi dátà Màmá ṣe ìpàdé láìmọ̀. Lọ́la fóònù àwọn ọmọ lẹ́sìn á gba ti òkè. Ìjà tí wọ́n ń sá fún gan-an nìyẹn, ó wá lágbára sí i. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ráútà méjèèjì ń jẹ́ 192.168.1.1, kò sẹ́ni tó máa mọ ọ̀nà mọ́ nínú ilé yẹn.

Wáyà_Ò_Parọ́

Mo gbà. Ní ọ́fíìsì wa ráútà kan ló wà, ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ṣiṣẹ́.

Káfé_Adéníkẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ kí ẹ tó lọ ra nǹkan. Ẹ wo sẹ́tíǹgì pírìńtà náà bóyá Wi-Fi Direct wà níbẹ̀. Tó bá wà, pírìńtà fúnra rẹ̀ á gbé Wi-Fi kékeré kan jáde, orúkọ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, èyí ò dí Wi-Fi gidi lọ́wọ́. Màmá á máa bá tiwọn lọ lórí ráútà wọn, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè á bọ́ sórí DIRECT, ẹ á tẹ̀wé, ẹ á padà. Ẹ ò fọwọ́ kan dátà ẹnikẹ́ni.

Nílé ìtẹ̀wé tèmi, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò nìyẹn nígbà tí prójẹ́ẹ̀tì bá kún inú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò kì í fún wọn ní pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi mi, ti DIRECT ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Lórí àwọn HP, èèyàn márùn-ún ló lè wọ̀ ọ́ pa pọ̀, ẹni kẹfà á dúró.

Àléébù rẹ̀ ni pé fóònù tó bá bọ́ sórí DIRECT ò ní íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Android míì á ní, "Wi-Fi yìí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì o," á sì fò padà sórí ti tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ kàn sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀. Dékìn tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè sì máa ń gba agbára lára rẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Abíkẹ́_UnderG

Ẹ ṣeun sà. Mo wò ó, ó wà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ òkè, kò dé yàrá tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Ìyá_Ìbejì

Mo rántí pé nígbà kan Google ní nǹkan kan tó jẹ́ pé ibikíbi téèyàn bá wà, á tẹ̀wé sórí pírìńtà ilé. Ibo ló wọlé sí?

Ẹnjiníà_Tákíè

Google Cloud Print ni ẹ ń wí, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ti pa á ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń ṣe pírìńtà ní tiwọn ṣì ń ṣe irú rẹ̀. Epson Connect, bí àpẹẹrẹ, máa ń fún pírìńtà ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí i láti ibikíbi, yálà ẹ wà lókè tàbí ẹ wà ní Kánò, á jáde nísàlẹ̀.

Ó rọrùn, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Fáìlì á gba òkè dish jáde, á lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì nílẹ̀ òkèèrè, á tún gba síìmù Màmá wọlé, láti rin ìrìn àtẹ̀gùn kan. Dátà Màmá ló máa gbé e wọlé, kò sì ní jáde rárá lọ́jọ́ tí dátà wọn bá tán. Tó bá jẹ́ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ lẹ́sìn ló wà nínú fáìlì náà, èmi ò ní fi rán ọ̀nà yẹn.

Wáyà_Ò_Parọ́

Ṣé wọn ò lè kúkú ṣí pọ́ọ̀tù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà, lórí ráútà Màmá, kí òkè máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tààrà?

Ọmọ_LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n mi, rárá sà, ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, kò ní ṣe é ṣe. Àwọn síìmù dátà wa àti Starlink onílé máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè ṣí pọ́ọ̀tù títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sẹ́ni tó lè gba ìta wọlé.

Èkejì, ká tiẹ̀ ní ó ṣe é ṣe, ẹ má ṣe é. Ní ìparí ọdún 2018, ẹnì kan wá àwọn pírìńtà tí wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù 9100 wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì mú kí nǹkan bí 50,000 lára wọn tẹ ìwé jáde pé kí àwọn èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ lójú ewé PewDiePie lórí YouTube. Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Ẹlòmíì lè máà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí pírìńtà Màmá má lọ máa tẹ ohun tí wọn ò mọ̀ láàárín òru, wọ́n á ní iwin wọlé.

Aláwàdà_Sábó

Wọ́n á pe pásítọ̀, pásítọ̀ á ní kí wọ́n tẹ ètò ìsìn fún ìdáǹdè.

Ẹnjiníà_Tákíè

Ó ti tó, Sábó.

Ìyàwó wa, èyí tó bá ilé yín mu jù lójú tèmi rèé. Ráútà kẹta ni, ti tọ́kunbọ̀ sì tó, kó sáà ní ohun tí wọ́n ń pè ní WISP nínú sẹ́tíǹgì rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dípò kí ẹ ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, á fi Wi-Fi gba ti ráútà mìíràn, á sì ka ìyẹn sí ìta. Ráútà yìí ló máa jẹ́ ilẹ̀kùn láàárín agboolé méjèèjì, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fara balẹ̀ kà á, bí ẹ bá fo ibì kan, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà Màmá. Kí ẹ tó fi wáyà kankan kàn án, ẹ wọ sẹ́tíǹgì rẹ̀, ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ sí 192.168.8.2, ẹ sì pa DHCP rẹ̀. DHCP yẹn ló ń pín nọ́ńbà, a ò fẹ́ kó pín ohunkóhun. Ráútà onísíìmù tó ń jẹ́ 192.168.8.1 sábà máa ń pín láti 100 dé 200, nítorí náà 2 ò ní kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹ pa Wi-Fi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé jáde náà, kí orúkọ Wi-Fi má di mẹ́ta nínú ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó fi WISP wọ Wi-Fi òkè. Ẹ fún ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ yẹn ní nọ́ńbà tí kì í yí padà nínú agboolé òkè, ká sọ pé 192.168.1.250, tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ẹlòmíì tó ń lò ó. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi wáyà kúkúrú so ihò LAN rẹ̀ mọ́ ihò LAN ráútà Màmá.

Ó ku pírìńtà. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ kúrò lórí èyí tó ń gba nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i pé: àdírẹ́sì 192.168.8.50, mask 255.255.255.0, gateway 192.168.8.2. Ẹ wo gateway yẹn dáadáa, òun ni ọ̀nà tí pírìńtà máa gbà jáde sí agboolé mìíràn. Kì í ṣe 8.1 ti Màmá, 8.2 ti ráútà kẹta ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Tí ẹ bá fi í sí 8.1, ọ̀rọ̀ láti òkè á dé etí pírìńtà, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ síìmù Màmá jáde, á sì ṣègbé síbẹ̀. Màmá ní tiwọn ò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà, torí inú agboolé kan náà ni fóònù wọn àti pírìńtà wà.

Èyí tó kẹ́yìn: nínú ráútà kẹta, ẹ lọ sí port forwarding. Ẹ ní kí ohun tó bá dé pọ́ọ̀tù 9100 àti 631 lọ sí 192.168.8.50. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí Wáyà ń sọ lẹ́ẹ̀kan o, inú ilé nìkan ni èyí ti ṣí, kò dé ìta.

Láti òkè, orúkọ tí ẹ máa pe pírìńtà ni 192.168.1.250. Lórí Windows, ẹ yàn án pé ẹ fẹ́ fi àdírẹ́sì IP kún pírìńtà, pọ́ọ̀tù 9100 ló máa lò. Lórí Android, ẹ wọ sẹ́tíǹgì ìtẹ̀wé, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi àdírẹ́sì IP kún un, 631 nìyẹn ń lò. Ẹ má retí pé kó yọjú fúnra rẹ̀ lókè. Igbe yẹn ò kọjá ògiri títí di báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni.

Ọmọ_LAUTECH

Ẹnjiníà, ìbéèrè kan sà. Tí ọmọ lẹ́sìn kan tójú ẹ̀ là bá fọwọ́ kọ 192.168.8.2 sí gateway fóònù ẹ̀, ṣé kò ní máa lo Starlink òkè lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹnjiníà_Tákíè

Á máa lò ó. Ìwọ gan-an jọ ọmọ lẹ́sìn bẹ́ẹ̀. Nínú ráútà kẹta, ibi tí wọ́n ń pè ní access control, kí wọ́n fi pírìńtà nìkan sí ara àwọn tó lè kọjá, kí wọ́n dí gbogbo ìyókù lọ́nà.

Ìyá_Ìbejì

Èmi iPhone ni mò ń lò o. Mi ò rí ibi tí mo ti lè kọ àdírẹ́sì IP sí i.

Ọmọ_LAUTECH

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́ mà. iPhone máa ń retí kí pírìńtà dáhùn igbe ni, AirPrint ni wọ́n pe ìyẹn. Ohun tó máa bá tiyín mu ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan báyìí, tàbí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ẹ fi Linux sí, tó ní ihò wáyà àti Wi-Fi pa pọ̀. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ ráútà kan, kó fi Wi-Fi wọ ìkejì, ẹsẹ̀ kan ní agboolé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi CUPS, ètò ìtẹ̀wé orí Linux, sí i, kó gba pírìńtà wọlé, kó sì máa fi hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Avahi tó wà nínú Linux náà á máa dáhùn igbe fún un. iPhone á rí i, Android á rí i, kò sẹ́ni tó máa kọ nọ́ńbà. Ẹ lè fi USB so pírìńtà mọ́ ọn tààrà pàápàá.

Èmi fẹ́ràn èyí ju ti ráútà kẹta lọ, kí n má parọ́. Ó mọ́ sí i, ó sì yé àwọn tó kàn fẹ́ tẹ̀wé. Pi 3 tàbí Pi 4 ni kí ẹ wá, torí Zero 2 W ò ní ihò wáyà.

Ẹnjiníà_Tákíè

Ó mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ Linux. Lọ́jọ́ tí káàdì ìrántí rẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí iná ọba tó ń lọ tó ń bọ̀, ta ló máa tún un ṣe fún Màmá? Ráútà, tí iná bá lọ tó sì padà, á gbéra fúnra rẹ̀. Àmọ́ fún iPhone, mo gbà pé ọ̀nà tirẹ ló dáa jù.

Káfé_Adéníkẹ̀ẹ́

Ẹ ti mẹ́nu ba iná. Ẹ wo ìdí tó fi dáa kí nọ́ńbà pírìńtà má máa yí padà, ì báà jẹ́ ọ̀nà wo lẹ gbà. Bí iná bá lọ tó padà dé, ráútà lè fún pírìńtà ní nọ́ńbà tuntun, láptọ́ọ̀pù á wá máa kàn ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Àwọn èèyàn á ní pírìńtà bàjẹ́, wọ́n á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo máa ń gba owó àyẹ̀wò ṣá.

Pírìńtà onítáǹkì ò jẹ iná púpọ̀, ínfátà kékeré á gbé e pẹ̀lú ráútà. Ẹ má fi ojú yẹn wo lésà o. Lésà máa ń mú ibì kan gbóná nínú rẹ̀ kí íǹkì ìyẹ̀fun yẹn tó lè yọ́ mọ́ ìwé, ó sì lè fa nǹkan bí 1,000 watt fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná. Ínfátà kékeré á kígbe, á sì pa.

Bàbá_Awẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Tèmi ò jìnnà sí èyí. Ilé méjì ni, ti èmi àti ti àkọ́bí mi, títì kékeré kan là wọ́n láàárín, kálukú ló ní íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ fa wáyà láti òrùlé sí òrùlé fún wa. Ṣé ó dáa?

Ẹnjiníà_Tákíè

Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gùn tó mítà 100, ìyẹn ò ní dí yín lọ́wọ́. Àrá ni mo ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà, a mọ ẹni tó ni àrá. Bí ó bá sán sítòsí, wáyà bàbà tó wà lójú òfuurufú láti ilé kan sí ìkejì á gbé agbára wọlé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á jó ráútà, á jó pírìńtà, ó lè jó láptọ́ọ̀pù tó bá wà lára wáyà. Kó tiẹ̀ má sán lu ilé yín, èyí tó sán ní àdúgbò tó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé méjì tí wọ́n gba iná lọ́tọ̀ lè ní ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe so iná wọn mọ́ ilẹ̀ (earthing), wáyà yẹn ló sì máa gbé ìyàtọ̀ náà.

Ọ̀nà méjì ló wà sà. Wáyà fíbà, èyí tí kò ní irin nínú ọ̀pá rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan ní ìparí kọ̀ọ̀kan tó ń yí iná fíbà padà sí ti wáyà. Tàbí ẹ̀rọ aláìlókùn tí wọ́n ń gbé sára ògiri ìta, méjì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Èyí tí mo rí jù ní ìgboro ni TP-Link CPE510, títì kékeré ò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà yìí ni kí ẹ fi gba orí títì, ráútà kẹta tí mo ṣàlàyé lókè á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí pírìńtà bá wà.

Bàbá_Awẹ́

Aláìlókùn ni mo máa ṣe. Ẹ kú làákàyè, Ọlọ́run á fi kún un.

Wáyà_Ò_Parọ́

Kí ni wọn ò ṣe kúkú ra ráútà tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀, TP-Link ER605 tàbí irú rẹ̀? Gbogbo ilé á di agboolé kan.

Ẹnjiníà_Tákíè

Lónìí o sọ ohun tó dáa! ER605 lè gba méjì lóòótọ́, ó tiẹ̀ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn sì lè pàṣẹ fún un pé kí ìsàlẹ̀ máa gba ti síìmù, kí òkè máa gba ti dish, bí ọ̀kan bá kú, kí ìkejì gbé e. Fún ọ́fíìsì tàbí ìdílé tó fẹ́ jọ náwó, òun ni mo máa fà sókè. Àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí ìyàwó wa sọ ni pé wọn ò fẹ́ dà á pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá sọ pé òun ti gbé ọkọ wọn sórí síìmù Màmá nítorí pé òjò dí dish lọ́wọ́, ta ló máa ṣàlàyé fún Màmá?

Abíkẹ́_UnderG

Èmi kọ́ o.

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Ọkọ mi ní ráútà àtijọ́ kan wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, WISP sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó kà lára páálí. Ti ráútà kẹta la máa ṣe. Nǹkan méjì ló kù. Pásíwọ́ọ̀dù tó wà lórí ráútà àtijọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ìkejì, pírìńtà yìí máa ń ṣe skan. Ṣé skan náà á dé òkè?

Ẹnjiníà_Tákíè

Pásíwọ́ọ̀dù: ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ RESET sí. Kí iná wà lára rẹ̀, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí iná ojú rẹ̀ á fi ṣẹ́jú. Á padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tuntun wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ tuntun díẹ̀ á ní kí ẹ yan tiyín nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé.

Skan: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Pọ́ọ̀tù méjì tí a ṣí, ti ìtẹ̀wé ni. Áàpù skan máa ń fẹ́ rí pírìńtà nípasẹ̀ igbe yẹn kó tó gbà pé ó wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe skan, ẹ lo DIRECT tí Káfé sọ, nínú pálọ̀ òkè níbi tó ti ń dé. Tàbí kí Màmá fi fóònù wọn ṣe é, kí wọ́n fi WhatsApp gbé e sókè, ojú ewé kan ò lè jẹ dátà tó ohun tí wọ́n máa bínú sí.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ LAUTECH, Pi yẹn, ṣé ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ó di Ìbàdàn?

Ọmọ_LAUTECH

Ẹ kọ̀wé sí mi nínú inbox mà, ẹnì kan ní kíláàsì wa fẹ́ ta Pi 3 rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kó fi í sí iná lójú yín, kó fi wáyà àti Wi-Fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì pa pọ̀, kí ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́.